Bàtà Lábẹ́ Sùtánà

Ẹni tó bá ní ẹ̀rù kò ba òun rí, ẹ ní kó lọ wà ní ìlú onílùú lọ́jọ́ tí ogun bá wọ̀ ọ́. Èmi Olúṣọlá, bíríkìlà ọmọ Ọ̀tà, mi ò ní í fi ìwé sọ ara mi di akọni lójú yín. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí oòrùn tó ga. Kò sì sí oúnjẹ kankan nínú mi ju ẹ̀kọ alẹ́ àná lọ.

Ọjọ́ kẹta tí mo dé nìyẹn, nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977. Anselme ló mú mi wá. Bíríkìlà bíi tèmi ni, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́, a sì ti jọ ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà fún ọdún mẹ́rin. Bí a bá ti ń po sìmẹ́ńtì báyìí, ọ̀rọ̀ ilé àwọn Àgùdà ìlú rẹ̀ ni ṣáá: ilé tí àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá kọ́, fèrèsé tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, òdòdó tí wọ́n fi ẹfun mọ sára ògiri, mọ́sáláṣí tí èèyàn á rí tí á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo máa ń sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ dùn ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí alhaji kan ní Ọ̀tà wá ní irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ kí n kọ́ fún òun, ni mo ní, "Anselme, ó yá, jẹ́ ká lọ wo irọ́ ẹ."

Ìyá mi kò fẹ́. Ó ní ìlú tí àwọn ológun ti gbàjọba láti bí ọdún mẹ́rin ó lé, tí wọ́n ń pariwo ìyípadà, tí wọ́n tún ti pa orúkọ ilẹ̀ Dàhòmì rẹ́, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń lọ wo fèrèsé. Anselme bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀, ó fi ahọ́n kan ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ yìí ń gbọ́. Bí mo ṣe mú Ṣọlá lọ ni n ó ṣe mú un padà fún yín. Bí mo bá fi í sílẹ̀ lọ́nà, kí ilẹ̀ ó mú mi." Ìyá mi wá kì mí, "Àkànbí, ọmọ a-fọwọ́-kan-amọ̀-kó-dilé, lọ re, kí o sì bọ̀ re." Bí a ṣe gbéra nìyẹn. Ọ̀nà inú igbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìgólò, ìlú ẹnu ibodè, la gbà wọlé, nítorí pé Anselme mọ àwọn ará ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lu òǹtẹ̀ kankan sí ìwé kankan fún mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, a rìn ní Àjàṣẹ́ títí ẹsẹ̀ wa fi wú. Irọ́ kọ́ ni Anselme ń pa, ẹ̀yin èèyàn mi! Ojú mi kò gbà á tán. Mo ra kàyé, bí wọ́n ṣe ń pe ìwé àkọsílẹ̀ níbẹ̀, mo sì ń ya fèrèsé kan tẹ̀ lé òmíràn. Mo ń wọ̀n wọ́n, mo ń kọ ìwọ̀n gígùn àti fífẹ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́, mo ń fa ọfà láti igun dé igun. Anselme ló ń bá mi di okùn ìwọ̀n mú. Kò lè yàwòrán ní tirẹ̀. Bíríkì rẹ̀ tọ́ bí ìlànà, ṣùgbọ́n bó bá mú pẹ́ńsùlù, ilà á wọ́ bí ìrù aláǹgbá. Obìnrin kan tó ń ta àkàrà nítòsí mọ́sáláṣí, Safouratou lorúkọ rẹ̀, bi mí pé kí ni mò ń kọ. Mo ní fèrèsé ni. Ó ní, "Ṣé fèrèsé ò sí nílé tiyín ni?" A rẹ́rìn-ín, mo sì ra àkàrà rẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Gbogbo fèrèsé ìlú yẹn ni mo rí, mi ò rí ojú tó ń wò mí láti inú wọn.

Nírọ̀lẹ́, mo ra bàtà aláwọ kan lọ́wọ́ Liamidi aránbàtà ní àdúgbò Houinmè. Bàtà pupa rẹ́súrẹ́sú ni, ó ń dán. Ẹ fi ti bàtà yìí sọ́kàn.

Ilé Tàńtí Pélagie ní àdúgbò Akron la sùn sí. Ẹ̀gbọ́n ìyá Anselme ni, opó, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ láti ìgbà tí ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ rédíò láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó yí i sókè, ó sì dúró tì í tòun tìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ọkọ̀ òfuurufú kan ti kó ajagungbowó wá sí Kútọnù láàárọ̀ yẹn, pé ìbọn ń dún, pé wọ́n fẹ́ gba ìjọba. Wọ́n ní kí gbogbo ọmọ ìlú mú ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n dí ọ̀nà, kí wọ́n sì la ojú wọn sílẹ̀.

Anselme wò mí. Tàńtí Pélagie náà wò mí. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wò. Àlejò tí kò ní ìwé, tó ti fi odindi ọjọ́ kan rìn káàkiri ìlú, tó ń wọn ògiri ilé onílé, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Mo gbé!"

"Pa ẹnu ẹ dé," ni Tàńtí Pélagie wí, ó sì ti fèrèsé.

Àwa mẹ́ta la jókòó ṣe ìgbìmọ̀ ogun yẹn nínú yàrá tó ṣókùnkùn, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń dún níta bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Anselme ní kí n sá pamọ́ sí àjà. Tàńtí ní dèlégé àdúgbò, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí wọn, ti ń lọ láti ilé dé ilé láti ka àlejò, bí wọ́n bá sì bá mi ní àjà, amí ni mo dà nìyẹn láìsí àríyànjiyàn. Anselme ní ká gba orí omi ọ̀sà. Tàńtí ní orí omi ni wọ́n ń ṣọ́ jù. Èmi ní tèmi, mo gbá kàyé mi mọ́ àyà.

"Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n," ni Tàńtí wí níkẹyìn. Ó wọ inú yàrá lọ, ó sì gbé sùtánà funfun méjì jáde, ti olóògbé ọkọ rẹ̀. "Àwọn ìjọ wa ní ìsìn ní Avrankou lónìí. Ẹ wọ èyí, kí ẹ máa rìn bí ẹni ń lọ jọ́sìn. Láti Avrankou, ẹ wọgbó dé Ìgólò. Ọwọ́ àdá kì í yá sí aṣọ yìí lọ́jọ́ Ìsinmi." Ó na ìka sí ẹsẹ̀ mi. "Ṣùgbọ́n gbọ́ mi, ọmọ mi. Ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ lásán ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta nínú ìjọ wa mọ̀ ọ́n."

"Mo gbọ́, Mà."

"Kàyé yẹn, jù ú síná."

Ibẹ̀ ni orí kunkun mi ti dé. Fèrèsé mẹ́tàdínlógún! Iṣẹ́ ilé alhaji, oúnjẹ mi ti ọdún kan! Mo ní mi ò jó o. Tàńtí pòṣé. Anselme bá gba kàyé náà lọ́wọ́ mi, ó sì há a mọ́ ìbàdí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ. Ó ní, "Bí wọ́n bá bá a lára ẹ, òkú ni ẹ́. Bí wọ́n bá bá a lára mi, ọmọ ilé ni mí, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí léèrè." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òun á bá mi gbé omi.

Ti bàtà wá ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bú mi. Tàńtí ní kí n fi í sílẹ̀. Mo ní mo ti fi í sílẹ̀. Mo so okùn wọn pọ̀, mo fi wọ́n kọ́ ọrùn lábẹ́ sùtánà, wọ́n sì ń gbá mi láyà bí mo ṣe ń rìn. Bàtà tuntun tí mi ò tíì wọ̀ rí!

Ní Houinmè, wọ́n ti fi tábìlì ọjà àti àgbá dí ọ̀nà. Àwọn èèyàn tí mo rí lánàá tí wọ́n ń dúnàádúrà, àdá ló wà lọ́wọ́ wọn. Liamidi tó ta bàtà fún mi wà láàárín wọn, ó mú ọ̀bẹ tó fi ń gé awọ dání. Mo tẹrí ba. Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹhúzú!" Ìkíni ìjọba tuntun ni, pé ayé ti yí padà. Anselme dáhùn, "Dandan!" Èmi náà sọ pé dandan. Wọ́n wo aṣọ wa, wọ́n wo ẹsẹ̀ wa tó kún fún eruku, wọ́n yà fún wa. Liamidi kò wo ojú mi. Ẹsẹ̀ lọ̀gbẹ́ni náà ń wò, bóyá nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Òógùn tó bò mí lọ́jọ́ yẹn, nínú ọyẹ́, kò kéré.

A jáde nílùú, a wọ ọ̀nà oko. Anselme wà níwájú, ó ń kọ orin ìjọ, ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ láti orin kan sí òmíràn. Kò wẹ̀yìn. Ó ní bí òun bá wẹ̀yìn, òun á sáré, bí òun bá sì sáré, ó tán. Nígbà tó di ọ̀sán, iyanrìn gbóná bí ààrò. Ẹ̀gún wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo yọ ọ́, òmíràn tún wọlé. Ẹsẹ̀ bíríkìlà mọ sìmẹ́ńtì, kò mọ ẹ̀gún. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan yàtọ̀ sí Anselme. Mo ní jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ dé ìdí igi ọ̀pẹ yẹn nìkan.

Mo wọ bàtà. Ó bá mi mu, ó tù mí lára. Mo dé ìdí ọ̀pẹ, mo ní kí n wọ̀ ọ́ dé ìyànà. A yà ní ìyànà, ìtì igi sì wà ní ìdábùú ọ̀nà níwájú ilé kan, èèyàn mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn ń wò wá bọ̀.

"Ẹhúzú!"

"Dandan!"

Ọmọbìnrin kan tó mú àdá, ó lé ní ogún ọdún díẹ̀, ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Bernadette ni wọ́n ń pè é. Ó tẹrí ba fún wa bí wọ́n ti ń kí ara wọn nínú ìjọ, mo sì mọ̀ pé mo ti kú. Ibi tó tẹrí ba sí náà ló ti rí bàtà mi. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Kamaráàdì Théophile, ẹ wá wo nǹkan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò rí ọmọ ìjọ wa kan tó wọ bàtà mọ́ sùtánà."

Anselme wẹ̀yìn nígbà náà. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ojú tó fi wò mí, títí di òní bí mo bá rántí, ara mi á tì.

Théophile ni olórí wọn. Olùkọ́ ilé ìwé ni tẹ́lẹ̀, awò ojú rẹ̀ sì wà lójú rẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n tú wa wò, wọ́n rí kàyé ní ìbàdí Anselme. Ó ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fèrèsé, ìwọ̀n, ọfà. Fèrèsé, ìwọ̀n, ọfà.

"Ibi tí wọ́n á ti máa yìnbọn rèé," ni ẹnìkan wí lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta ló yà á?" ni Théophile bèèrè.

"Èmi ni," ni Anselme wí. "Bíríkìlà ni mí."

"Ó dáa." Ó fún un ní pẹ́ńsùlù. "Ya fèrèsé ilé tó wà níwájú ẹ yìí fún mi."

Anselme gba pẹ́ńsùlù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ẹ̀yin ará, ilà yẹn wọ́, ó tún wọ́, fèrèsé náà dorí kodò. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Théophile kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òpùrọ́ ni ọ́. Ẹ dè é. Ọ̀dọ̀ àwọn sójà ní Kútọnù ló ń lọ."

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ. Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Mo ní nínú mi pé bí wọ́n bá mú òun, bóyá wọ́n á fi mí sílẹ̀. Mo ń wo okùn bí wọ́n ṣe ń fi dè é lọ́wọ́, mò ń wo ojú ọ̀nà Ìgólò níwájú, mo sì dákẹ́. Wọ́n ta kókó àkọ́kọ́. Wọ́n ta ìkejì. Anselme kò wò mí rárá, kí ojú rẹ̀ má bàa fi mí hàn. Ìyẹn ni mi ò lè gbà.

"Èmi ni," ni mo wí. Mo tún un wí. "Èmi ni mo yà á. Kò mọ̀ ọ́n yà. Kò mọ̀ ọ́n yà rí láyé rẹ̀!"

Wọ́n fún mi ní pẹ́ńsùlù. Mo ya fèrèsé ilé náà, ilà rẹ̀ sì tọ́. Théophile wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó dára. Amí pàápàá lè mọ àwòrán yà. Ìwé ẹ dà?"

Mi ò ní ìwé.

"Kò sí ìwé," ni Théophile sọ, ó sì mí kanlẹ̀. Mo rí i pé ẹ̀rù ń ba òun náà. "Bí mo bá fi yín ránṣẹ́ sí Kútọnù lónìí, wọn ò ní bi yín léèrè ohunkóhun. Bí mo bá fi yín sílẹ̀ tí ẹ sì jẹ́ amí, èmi ni wọ́n máa bi."

Anselme sọ̀rọ̀ tòun ti okùn lọ́wọ́. "Kamaráàdì, ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ọmọ Akron ni mí. Èmi ni mo mú ọkùnrin yìí wá, ilé wa ló sùn. Nílẹ̀ wa yìí, bí àlejò bá ṣẹ̀, ta ni wọ́n ń mú?"

Bernadette ní, "Onílé ni."

"Ẹ mú onílé, nígbà náà. Kí àlejò lọ gba ìwé wá nílùú rẹ̀. Bí kò bá padà, ẹ ti mọ ohun tí ó jẹ́, ẹ sì ti mọ ohun tí ẹ máa fi mí ṣe."

Théophile fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin. Ó ki kàyé mi bọ àpò. Mo fẹ́ bá Anselme sọ̀rọ̀, ó ní, "Lọ jàre, kí ìyá ẹ má bàa pè mí ní òpùrọ́." Mo lọ. Mo sá gan-an ni, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàtà pupa wà lẹ́sẹ̀ mi.

Ìyá mi ń fẹ́ gààrí nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó kì mí títí. Ó wá wo ẹ̀yìn mi. "Anselme ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀."

Lọ́jọ́ kan náà alhaji bá mi kọ lẹ́tà pé bíríkìlà tó fẹ́ kọ́lé fún òun ni mí, Baálẹ̀ àdúgbò wa sì tẹ òǹtẹ̀ rẹ̀ sí i. Lẹ́tà wà nílẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ẹ gbọ́ mi? Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní inú ń run mí. Rédíò ní àwọn ajagungbowó náà ti sá lọ, ṣùgbọ́n pé wọ́n ṣì ń wá àwọn tó kù, pé wọ́n ti ti ẹnu ibodè. Mo ń rí àdá Bernadette bí mo bá pa ojú dé. Mo dùbúlẹ̀, mo kọjú sí ògiri.

Ìyá mi wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu alhaji. Kò gbé ohùn sókè. "Àkànbí, ọmọ ọlọ́mọ fi ahọ́n kan ilẹ̀ nítorí ẹ. Ìwọ, kí lo fi kan ilẹ̀ nítorí rẹ̀?"

"Ìyá, wọ́n á pa mí."

"Ẹ̀rù ń bà mí ju bó ṣe ń bà ẹ́ lọ," ló wí, omijé sì dà lójú rẹ̀. "Dìde."

Mo gbéra ní ìdájí Ọjọ́rú. Bàtà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo jù ú sí. Mi ò lè fi ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo wọ mọ́tò dé Ìdí-Ìrókò, mo wọgbó, mo fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ́sàn-án, mo sùn sí abà kan, mo tún rìn. Gbogbo ẹyẹ tó fò, mo rò pé ìbọn ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí padà tí mo tún yí síwájú.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó pé ọjọ́ mẹ́rin, ni mo rí ìtì igi náà lọ́ọ̀ọ́kán. Bernadette rí mi. Ó yí ojú sí ẹ̀yìn, ó pariwo nǹkan kan ní èdè Gun tí mi ò gbọ́. Ìgbà náà ni mo rí i pé wọ́n ti ń mọ ahéré bíríkì kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, okùn wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ó ń gbìyànjú láti tẹ orí fèrèsé bíi ti ilé Àgùdà. Orí fèrèsé náà wọ́ bí ìrù aláǹgbá.

Théophile gba lẹ́tà, ó kà á, ó tún un kà, ó gbé òǹtẹ̀ sí oòrùn wò. Ó ká a, ó sì fa kàyé mi yọ nínú àpò rẹ̀, ó nà án sí mi. "Ẹ tún fèrèsé yẹn ṣe kí ẹ tó lọ," ló wí. "Ojú ń tì mí láti máa wò ó."

Bernadette tú okùn. Anselme sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Ó ti gbẹ, irùngbọ̀n ti bò ó, sìmẹ́ńtì wà ní irun rẹ̀. Mo rò pé á gbá mi lójú, mo sì fẹ́ kó gbá mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó rí ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀gún àti eruku, ó wò ó títí.

"Ṣọlá," ló wí, "kò sí sùtánà lára ẹ lónìí o. O lè wọ bàtà."

Mo jókòó sórí iyanrìn níbẹ̀, mo bú sẹ́kún bí ọmọdé.